Ìmọ́lẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Ooru: Èrò lórí Orúkọ tí ó Yẹ Sólà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ó yẹ kí òwe méjèèjì yìí máa wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fún ohun èlò sáyẹ́ǹsì ní orúkọ ní èdè Yorùbá, nítorí orúkọ ni ó ń darí ọwọ́ ẹni tí yóò lo nǹkan. Bí orúkọ bá sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé gíga pàápàá yóò mọ bí ó ti yẹ kí ó lò ó. Bí ó bá ṣini lọ́nà, owó àti làálàá ni yóò bá a lọ.

Àpẹẹrẹ kan tí ó wà nítòsí ni ohun èlò tí gbogbo ayé ń pè ní sólà. Ó ti wà lórí òrùlé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ilé ìtọ́jú aláìsàn káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó. Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá bèèrè lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kẹfà pé kí ni sólà ń gbà lọ́wọ́ oòrùn, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn jẹ́ pé ooru ni. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a fi lé e lọ́wọ́ ni kò pààlà sí ohun tí ó yẹ kí ó pààlà sí. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé èdè Yorùbá ní ohun èlò tí ó tó láti ṣe ìpààlà náà, àti pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀-èdè lò ó kí orúkọ tí kò dára tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Etí òkun Àgbádárìgì

Àgbádárìgì kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ C.M.S. gúnlẹ̀ sí ìlú náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1846, kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti jáde ní ọdún 1843. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí òun àti àwọn mìíràn ṣe, títí Bíbélì Yorùbá fi pé ní 1884, fi ẹ̀kọ́ kan hàn tí ó wúlò fún onísáyẹ́ǹsì títí di òní: èdè kì í sábà ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún èrò tuntun. Ohun tí ó ṣòro ni láti yan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́ pọ̀n wá.

Etí òkun yìí náà ni ìtumọ̀ àtijọ́ ti lágbára jù ní ti oòrùn. Ní ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ní Gbẹ̀rẹ̀fù àti àwọn abúlé tí ó tẹ̀ lé e, ooru oòrùn jẹ́ irin iṣẹ́ ojoojúmọ́. Òun ni a fi ń sá ẹja, òun ni a fi ń sá èso àgbọn kí a tó fún òróró rẹ̀, òun ni a fi ń gbẹ àwọ̀n àti aṣọ. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ mọ̀ pé bí oòrùn bá ti mú tó ni iṣẹ́ ń yá tó, kò ní ìdí láti rò pé pátákó dúdú tí a gbé sórí òrùlé ń ṣe ohun tí ó yàtọ̀ sí ti ẹja tí a sá. Àwọ̀ dúdú pàápàá ń jẹ́rìí sí èrò rẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ohun dúdú ni ó ń tètè gbóná.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ní agbègbè náà ni ó jẹ́ pé èdè Ògù ni èdè abínibí wọn, tí Yorùbá sì jẹ́ èdè kejì. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí olùkọ́ lò kò bá ṣe kedere fún ọmọ Yorùbá, ìlọ́po ni ìṣòro tí yóò dá sílẹ̀ fún ọmọ Ògù, nítorí lẹ́yìn Yorùbá ni yóò tún dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ

Kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ó yẹ kí a wo ilé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Edmond Becquerel, ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní ọdún 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí iná mànàmáná ṣàn. Ní ọdún 1905 ni Albert Einstein ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ń wá ní ẹyọ ẹyọ, àti pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀. Àlàyé yìí wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1921. Ní ọdún 1954, àwọn mẹ́ta kan ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe èyí tí ó ń sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 agbára ìmọ́lẹ̀ di iná. Ní 1958 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ sínú sátẹ́láìtì Vanguard 1 lọ sí òfuurufú. Lónìí, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ni èyí tí a ń tà lọ́jà ń sọ di iná.

Sílíkọ́ọ̀nù náà kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Òun ni ó parapọ̀ mọ́ ọ́síjìn di iyanrìn funfun tí ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ ní etí òkun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá àti iná ìléru gbígbóná wà láàárín iyanrìn àti sílíkọ́ọ̀nù tí ó mọ́ tó èyí tí sólà ń fẹ́, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń bù ní etíkun ní òwúrọ̀ kí a fi tan iná ní alẹ́.

Átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ní ìpele òde, ó sì fi wọ́n di àwọn aládùúgbò rẹ̀ mẹ́rin mú. Àwọn oníṣẹ́ á wá bu fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀, tí tirẹ̀ jẹ́ márùn-ún, sí apá kan. Wọ́n á bu bórọ́ọ̀nù díẹ̀, tí tirẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, sí apá kejì. Apá èkíní yóò wá ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ́ kù. Apá kejì yóò ní àyè tí kò sí ẹni tí ó jókòó sí i. Ní ojú ibi tí apá méjèèjì ti pàdé, díẹ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹ́ kù yóò ré kọjá lọ dí àyè tí ó wà ní òdì kejì. Ìrékọjá yìí ni ó sọ ojú ìpàdé náà di bí ilẹ̀ tí ó da gẹ̀rẹ́, tí omi kò lè ṣàn níbẹ̀ àyàfi sí ọ̀nà kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó bá wọlé, yóò tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ kúrò ní ibi tí ó dì mọ́, àyè kan yóò sì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó da gẹ̀rẹ́ náà yóò ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ọ̀nà kan, yóò ti àyè sí ọ̀nà kejì. Bí wáyà bá so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò gba inú wáyà kọjá, yóò tan gílóòbù lójú ọ̀nà, yóò sì padà wá dí àyè tí ó ṣófo. Kò sí ohun tí ó jóná nínú rẹ̀. Kò sí èéfín, kò sí ariwo, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ tí a tọ́jú pamọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró, iná dáwọ́ dúró. Bátìrì ni ó ń tọ́jú agbára pamọ́ di alẹ́.

Nǹkan bí ìdajì fóòtì ni ipá tí ẹyọ kan nínú àwọn ègé sílíkọ́ọ̀nù náà fi ń ti iná, yálà ó tóbi tàbí ó kéré. Nítorí èyí ni a fi ń so wọ́n pọ̀ ní ọ̀wọ́. Mẹ́rìndínlógójì ni a sábà ń so pọ̀ kí wọ́n lè fi agbára kún bátìrì fóòtì 12. Bí ègé ti fẹ̀ tó àti bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó ni ó ń sọ bí ìṣàn iná yóò ti pọ̀ tó.

Àdánù tí ó wà nínú àṣìṣe

Nínú gbogbo àlàyé òkè yìí, ooru kò kó ipa rere kankan. Ọ̀tá ni ó jẹ́. Ìdíwọ̀n tí a ń kọ sẹ́yìn pátákó, bíi wáàtì 300, jẹ́ èyí tí a wọ̀n nígbà tí ègé sílíkọ́ọ̀nù wà ní dígírì 25 ní ìwọ̀n Celsius, tí ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e sì jẹ́ wáàtì 1000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi gbóná ju 25 lọ, èyí tí ó wọ́pọ̀ ń pàdánù nǹkan bí 0.4 nínú 100 agbára rẹ̀. Bí pátákó wáàtì 300 bá gbóná dé dígírì 60 lórí páànù, tí kò sí àlàfo tí atẹ́gùn lè gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí wáàtì 42 ni ó ti lọ. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gílóòbù LED márùn-ún. Ẹni tí ó gbà pé ooru ni sólà ń jẹ kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun ná owó lórí irin tí yóò gbé pátákó sókè kúrò lára páànù. Lójú tirẹ̀, bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ páànù ni yóò dára jù.

Ẹni náà kò tún ní bẹ̀rù òjìji tó bí ó ti yẹ. Imọ̀ ọ̀pẹ àgbọn tí ó na òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ sórí igun pátákó kan kò lè sọ pátákó náà di tútù, nítorí náà kò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n àwọn ègé inú pátákó so mọ́ ara wọn bí àwọn tí ń gbé omi láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ẹnì kan bá káwọ́ gbera, iṣẹ́ gbogbo ọ̀wọ́ náà ni yóò fà sẹ́yìn. Ègé kan ṣoṣo tí òjìji bò lè dí ìṣàn ọ̀wọ́ tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń gbé wá, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ojú gíláàsì tí ó sì ń jẹ irin tí ó gbé e dúró. Omi lásán àti aṣọ rírọ̀ ni a fi ń nù ún kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wọlé nìkan ni yóò rántí láti nù ún.

Àṣìṣe kejì tún ń bẹ nípa ìlú tí oòrùn ti ń mú. Ìmọ́lẹ̀ tí ń dé àríwá Nàìjíríà láàárín ọjọ́ kan pọ̀ ju ti etí òkun lọ, nítorí ìkùukùu àti òjò ń bo ojú ọ̀run gúúsù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí ó rò pé ooru ni yóò sọ pé sólà kò wúlò fún Àgbádárìgì nígbà òjò. Òtítọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìkùukùu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dínkù. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni kí a ka iye iná tí ilé nílò, kí a sì ra iye pátákó àti bátìrì tí yóò tó o ní oṣù tí ìmọ́lẹ̀ kéré jù. Ìṣirò ni èyí, ìṣirò kò sì ṣeé ṣe bí ọ̀rọ̀ kò bá pààlà.

Àyẹ̀wò àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbóríyìn fún àwọn aráàlú, nítorí wọn kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan kí wọ́n tó sọ nǹkan lórúkọ. Iná ọba ni wọ́n pe iná tí ìjọba ń pèsè. Iná jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n pe ti ẹ̀rọ amúnáwá. Iná sólà sì ni wọ́n pe èyí. Ẹni tí ó ni iná tàbí ohun tí ó mú un wá ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ń sọ. Wọn kò sọ bí ó ti ń wá. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ a sì máa pẹ́ láyé ju ohun tí ó ń jẹ́ ẹ lọ. Láti ọdún 2005 ni a ti fi ilé-iṣẹ́ mìíràn rọ́pò NEPA, ṣùgbọ́n NEPA ṣì wà lẹ́nu ọmọdé tí a bí lẹ́yìn ọdún náà. Ẹ̀kọ́ inú èyí ni pé orúkọ tí kò dára ṣòroó lé lọ bí ó bá ti wọlé tán.

Àwọn kan ti ń lo iná oòrùn nínú ìwé àti lórí rédíò. Ó dùn létí, ó sì kúrú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì tí ìtumọ̀ wọn pọ̀ ni a so pọ̀ níbẹ̀. Iná lè jẹ́ èyí tí a fi ń dáná, ó lè jẹ́ àtùpà, ó sì lè jẹ́ mànàmáná. Oòrùn lè jẹ́ ìràwọ̀ ńlá tí ó wà lókè, ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ooru rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ iná oòrùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ooru tí ń jóni ní ọ̀sán ni à ń sọ.

Ẹlòmíràn lè fẹ́ tẹ̀ lé ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, kí ó sọ pé ohun tí ó ń gba oòrùn ni, nítorí náà kí ó máa jẹ́ agboòrùn. Ṣùgbọ́n agboòrùn ti ní olówó. Òun ni ohun tí a fi ń bo orí nígbà tí oòrùn bá ń mú, bí agbòjò ti jẹ́ èyí tí a fi ń bo orí nígbà òjò. Irú ìdíwọ́ kan náà ni ó wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fún ínfátà ní orúkọ Yorùbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa iná dà láti oríṣi kan sí èkejì. Bí a bá sọ ọ́ di apanádà, panápaná ni etí yóò gbọ́, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò máa wá ibi tí ilé ti ń jó. Ìlànà ìṣẹ̀dá nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ tí ó bá òfin gírámà mu lè kọlu ọ̀rọ̀ mìíràn lójú pópó.

Ohun tí ó yanilẹ́nu ni pé ìpààlà tí àwọn orúkọ wọ̀nyí kò ṣe ti wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Oòrùn ń mú kò túmọ̀ sí ohun kan náà pẹ̀lú oòrùn ń ràn. Ti ooru ni mímú. Ti ìmọ́lẹ̀ ni ríràn. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, oòrùn lè máa ràn kí ó má mú, pátákó sólà yóò sì ṣiṣẹ́ dáadáa bí eruku kò bá pọ̀ jù. Ìtànṣán náà wà nílẹ̀ fún okùn ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ara oòrùn jáde. Olùkọ́ tí ó bá fi ràn àti mú bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti sọ ìdajì àlàyé náà kí ó tó fa ohunkóhun sí ojú pátákó ìkọ̀wé.

Àbá

Àkọ́kọ́, kí sólà máa jẹ́ sólà ní ọjà àti ní ìgboro. Kò sí èrè nínú bíbá aráàlú jà lórí ọ̀rọ̀ tí ó ti di tiwọn. Kí ínfátà àti bátìrì náà dúró bí wọ́n ti wà.

Èkejì, kí ilé-ìwé ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ iṣẹ́ tí ohun èlò náà ń ṣe. Asọ̀mọ́lẹ̀diná ni àbá tí a gbé síwájú: èyí tí ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná. Ìlànà tí ó bí asọ̀rọ̀mágbèsì àti amúnáwá ni ó bí òun náà. Ó dárúkọ ohun tí ó wọlé, ó dárúkọ ohun tí ó jáde, kò sì sí ooru nínú rẹ̀. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń lo ooru oòrùn, irú èyí tí a fi ń gbé omi kaná tàbí tí a fi ń gbẹ ẹja, agbooru ni kí ó máa jẹ́. Ọmọ tí ó mọ orúkọ méjèèjì kò ní da iṣẹ́ wọn pọ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ègé sílíkọ́ọ̀nù inú pátákó máa jẹ́ awẹ́. Bí obì ti ní awẹ́ tí ó so pọ̀ di ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni pátákó ní awẹ́ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe èyí, ó fi pe ẹ̀yà tín-ín-tìn-ìn ara ohun abẹ̀mí, ó sì tún fi pe yàrá ẹlẹ́wọ̀n. Kò sí ìdí tí Yorùbá fi gbọ́dọ̀ jogún àdàpọ̀ náà. Kí onímọ̀ ohun abẹ̀mí máa lo sẹ́ẹ̀lì, kí onímọ̀ iná máa lo awẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sí máa jẹ́ àyè, kí ó má ṣe jẹ́ ihò. Ihò ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tààrà, ṣùgbọ́n ihò a máa dúró sí ojú kan, ọmọ tí ó gbọ́ pé ihò ń rìn yóò rẹ́rìn-ín. Àyè kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ó ń ti Mile 2 bọ̀ wá sí Àgbádárìgì, bí ẹni iwájú bá bọ́ sílẹ̀, tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún síwájú, tí ẹni ẹ̀yìn náà tún sún, àyè tí ó ṣófo yóò dà bí ẹni pé òun ni ó ń rìn lọ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń rí nínú sílíkọ́ọ̀nù. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo yìí yóò ṣe ohun tí ojú ìwé mẹ́ta kò lè ṣe. Apá tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà lè máa jẹ́ apá aláṣẹ́kù, kí ti bórọ́ọ̀nù máa jẹ́ apá aláyè, kí ibi tí wọ́n ti fojú kojú sì jẹ́ ojú ìpàdé.

Ẹ̀karùn-ún, kí iná tí ó ń ti ara sólà jáde máa jẹ́ iná ọlọ́nà kan, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń ṣàn sí. Kí èyí tí ínfátà ń sọ ọ́ dà, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, máa jẹ́ iná àlọ-àbọ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí a ṣọ́ agbára lò. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan yìí ni a fi ń pe iye tí bátìrì gbà àti ìyára tí a fi ń ná an. Ẹni tí ó ra pátákó wáàtì 300, tí ìmọ́lẹ̀ tí ó rí lóòjọ́ sì jẹ́ bíi wákàtí mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ kíkún, yóò rí wáàtì-wákàtí 1200, kí a tó yọ àdánù. Gílóòbù wáàtì 10 mẹ́wàá fún wákàtí mẹ́fà yóò jẹ 600 nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wáàtì àti wáàtì-wákàtí ni àwọn oníjìbìtì ń wá. Kí agbára dúró fún wáàtì-wákàtí. Kí wáàtì máa jẹ́ ìyára agbára. Kí ipá sì dúró fún ohun tí ń tini.

Àwọn àtakò

Àwọn kan yóò sọ pé asọ̀mọ́lẹ̀diná gùn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gùn ju amóhùnmáwòrán lọ, èyí tí oníròyìn ń pè lójoojúmọ́ láìkọsẹ̀. Ní ìgbà tí a kò bá nílò àlàyé, sólà wà nílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò bèèrè ìdí tí a kò fi yá gbogbo ọ̀rọ̀ lódindi láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, átọ́ọ̀mù àti sílíkọ́ọ̀nù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò, kò sì sí ohun tí a rí nínú ilé tí a lè fi wé wọn. Yíyá ni ó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n àyè, awẹ́, ìtànṣán àti ojú ìpàdé kì í ṣe orúkọ ohun àjèjì. Àlàyé ni wọ́n. Ẹni tí ó yá àlàyé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí kò sì gbọ́ èdè onítọ̀hún, kò yá ohunkóhun.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti àwọn tí ó sọ pé kò sí ibi tí a óò ti lo àwọn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n lè tọ́ka sí i pé ìlànà èdè orílẹ̀-èdè tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, èyí tí ó fẹ́ kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni ìjọba náà kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé wọ́n ti fagi lé. Ọ̀rọ̀ yìí dunni, kò sì ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ìdáàbòbò èdè Yorùbá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 sọ ọ́ di dandan pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé. Iṣẹ́ tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 sì ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, kí ó má sì ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó ń ra pátákó ní ọjà Àgbádárìgì kò dúró de ìlànà ìjọba kí ó tó bèèrè ìbéèrè rẹ̀ ní Yorùbá tàbí ní Ògù.

Àgbálọgbábọ̀

Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní rẹ̀ ní ọdún 1984, ti ṣe iṣẹ́ takuntakun fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìmọ̀ iná àti ìmọ́lẹ̀ kò tíì rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà tó. Bí a óò bá ṣe é, kò yẹ kí ó jẹ́ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó yẹ kí a pe àwọn oníṣẹ́ iná tí ń gun òrùlé sí ìpàdé, nítorí wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ tí ìwé kò tíì gbọ́. Ó yẹ kí a pe olùkọ́ tí ó gbọ́ Ògù, kí ó sọ èyí tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò gbà àti èyí tí yóò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ìdánwò ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì le. Kí a fún ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní ọ̀rọ̀ náà láìṣe àlàyé púpọ̀, kí a mú un dé abẹ́ òrùlé tí sólà wà, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ó ń wọlé, kí ni ó ń jáde, kí ni ó sì lè dí i lọ́wọ́? Bí ó bá dáhùn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọlé, iná ni ó ń jáde, tí ó sì nawọ́ sí imọ̀ àgbọn tí ó ṣíji bo igun pátákó, ọ̀rọ̀ náà ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá dáhùn pé ooru ni, kí a padà lọ wo ilé.